Ibi Tó Kọ́kọ́ Gbẹ

                                        Ṣọ́ọ̀bù Atúnfóònùṣe,
                                        Ẹ̀gbẹ́ Ilé Ẹlẹ́rọ Ìlọta,
                                        Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta.

Ìkejì mi ọ̀wọ́n,

Kọ́kọ́ bá mi fojú fo ọwọ́ ìkọ̀wé mi o. Ìwọ náà mọ̀ pé ìwé mẹ́rin péré ni mo kà kí n tó dúró ti ìyá mi nídìí áyọ́ọ̀nù. Àtàǹpàkò ọ̀tún mi tún jóná lọ́sẹ̀ tó kọjá, nítorí náà ńṣe ni àwọn lẹ́tà mi ń ṣubú lu ara wọn bí èrò tó ń sáré wọ bọ́ọ̀sì. Ọ̀rọ̀ mi náà á máa falẹ̀. Rọra máa kà á. Má sì jẹ́ kí ọkọ rẹ bá ọ kà á, ojú á tì mí.

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìyá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti ń gbà wọ́n láyè láti gun àtẹ̀gùn? Bàbá ńkọ́? Àbúrò rẹ tó ń kọ́ ọkọ̀ wíwà ńkọ́, ṣé ó ti ń wo ọ̀nà báyìí àbí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló ṣì ń wò? Ọmọ inú rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń fẹsẹ̀ gbá ọ? Èmi dúpẹ́, ara mi le. Ọkọ mi ń kí ọ. Ìgbéyàwó wa pé oṣù mẹ́ta lónìí, ó ṣì máa ń bi mí bóyá mo ti jẹun, bí ẹni pé àlejò ni mí nínú ilé rẹ̀. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì máa ń dùn mọ́ mi.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní kí n dákẹ́, kí n fi odidi ọdún kan wojú àwọn ará ilé ọkọ mi ná, kí n tó máa sọ ohun tí mo fẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú ọ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mi ò gbà, ọ̀rẹ́ mi. Mi ò gbà rárá. Wò ó bí mo ṣe kọ ọ́ gàdàgbà, torí pé ẹnu mi kì í lè sọ irú rẹ̀.

O mọ̀ pé ọkọ mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n jọ ni ṣọ́ọ̀bù yìí. Yàrá kan ni, kò fẹ̀ ju ibi tí ìyá mi ń sá aṣọ sí lọ. Tábìlì gígùn kan ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú iná tó ní ọrùn, àti fáànù kan tó dojú kọ ìjókòó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Lábẹ́ tábìlì ni páálí ńlá kan wà tó kún fún bátìrì tí wọ́n yọ lára fóònù àwọn èèyàn. Àwọn míì nínú wọn ti wú bíi búrẹ́dì.

Nínú ọkàn mi, Bátìrì-Ni ni mò ń pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Má rẹ́rìn-ín. Fóònù kò gba iná? Wọ́n á ní, "Bátìrì ni." Fóònù ń kú lójijì? "Bátìrì ni." Obìnrin kan mú tirẹ̀ wá lọ́jọ́ kan pé àwọn tí òun ń pè kì í gbọ́ ohùn òun. Kí ó tó sọ̀rọ̀ tán, wọ́n ti tú ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ti ń wo bátìrì.

Ọkọ mi ò rí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń bá a wá síbí ló ti ń kọ́ mi díẹ̀díẹ̀. Ó ní kí n kọ́kọ́ pààrọ̀ wáyà àti ṣájà, torí bóyá fóònù ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án. Tí kò bá sí níbẹ̀, kí n tan iná wo inú ihò tí wọ́n ń ki ṣájà bọ̀. Eruku àpò ṣòkòtò máa ń dì síbẹ̀ bí òwú inú ìrọ̀rí, igi tín-ínrín ni wọ́n fi ń yọ ọ́, wọn kì í ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ló kan bátìrì. Páńẹ́ẹ̀lì ló kẹ́yìn, ìyẹn pátákó aláwọ̀ ewé tí gbogbo iṣẹ́ inú fóònù wà lára rẹ̀, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe kékeré ti lè pa fóònù pátápátá. Mo ti ń yọ eruku fúnra mi. Mo ti pààrọ̀ ihò ṣájà mẹ́ta. Ọkọ mi fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọwọ́ mi fúyẹ́ ju tòun lọ.

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí kan wà ládùúgbò wa, obìnrin ńlá, ẹlẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé fóònù wọn wá pé tó bá kún láàárọ̀, kí ọ̀sán tó pọ́n ó ti kú, ó sì máa ń gbóná nínú àpò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní obìnrin kan ń rọbí, wọ́n pe àwọn títí, fóònù ti kú sápò. Èmi ni mo yọ eruku inú ihò ṣájà rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bátìrì-Ni pààrọ̀ bátìrì rẹ̀. Ọjọ́ kẹrin, nọ́ọ̀sì padà wá. Wọ́n tún pààrọ̀ bátìrì. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, nọ́ọ̀sì tún wọlé, wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọkọ mi ti lọ ra ọjà. Bátìrì-Ni gbé fóònù náà, wọ́n yí i síwá yí i sẹ́yìn, wọ́n gbé e kalẹ̀. Wọ́n ní ó ti kú, páńẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti jóná, kí nọ́ọ̀sì lọ wá òmíràn. Wọ́n wá fi ẹnu tọ́ka sí mi báyìí. Wọ́n ní, "Ìyàwó yìí ló kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Òun ló fi igi gún inú rẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé kò ní wá síbí mọ́. Ilé ni ìyàwó tuntun ń jókòó sí."

Ọ̀rẹ́ mi, o mọ̀ mí. O mọ̀ pé tí wọ́n bá ní kí n sọ orúkọ mi láàárín èèyàn márùn-ún, ẹ̀yìn rẹ ni màá sá sí. Ṣùgbọ́n wọ́n ti pè mí ní abafóònùjẹ́ lójú ẹni tó ni fóònù. Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó mọ̀. Mo ní, "Mà, ẹ fún mi ní ìdajì wákàtí. Tó bá jẹ́ èmi ni mo bà á jẹ́, màá fẹnu ara mi sọ fún yín."

Bátìrì-Ni pòṣé. Àmọ́ nọ́ọ̀sì ti jókòó. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kó wò ó. Wọ́n ti gbé èyí tí wọ́n ní ó ti kú fún mi rí. Mo gbá a nídìí, ó ké."

Mo yọ bátìrì kúrò. Mo so páńẹ́ẹ̀lì mọ́ àpótí kékeré kan tí ọkọ mi fi máa ń fún fóònù níná, ó ní ọwọ́ kan bíi ti aago tó ń sọ iye iná tí fóònù ń mu. Fóònù wà ní pípa, ó yẹ kí ọwọ́ náà sùn sílẹ̀ gbalaja. Kò sùn. Ó dìde dúró. Iná ń jò dànù níbì kan, bí ẹ̀rọ omi tí wọn ò tì dáadáa, bátìrì ò sì sí nínú rẹ̀ rárá! Mo mọ̀ báyìí pé bátìrì ò jẹ̀bi, èmi náà ò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ibo ló ti ń jò? Gbogbo nǹkan tó wà lára páńẹ́ẹ̀lì ò tóbi ju orí èèrà lọ, mo fi ìka kàn án, gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ọ́wọ́.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí áyọ́ọ̀nù dúdú ìyá mi, èyí tó jó kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì tíṣà wa. O rántí bí èmi pẹ̀lú rẹ ṣe dojú rẹ̀ sókè, tí a wọ́n omi sí i, tí a ń ṣọ́ igun tó máa kọ́kọ́ gbẹ? Sípíríìtì wà nínú ìgò lórí tábìlì, òun ni wọ́n fi ń nu páńẹ́ẹ̀lì. Mo ki bọ́rọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́, mo kùn ún kárí.

Gbogbo rẹ̀ gbẹ lẹ́ẹ̀kan náà, fìn-ín.

Ẹ̀rín ni Bátìrì-Ni fi bẹ̀rẹ̀. "Ọmọ alágbàfọ̀! Aṣọ ni wọ́n ń fọ̀ o, wọn kì í fọ páńẹ́ẹ̀lì. Tó o bá fọ̀ ọ́ tán, okùn wà níta, lọ sá a."

Mo tún kùn ún. Fìn-ín, ó tún gbẹ. Omi ti ń dé ojú mi. Ìgbà náà ni mo rí i pé atẹ́gùn ń fẹ́ mi lọ́rùn. Fáànù ni. Òun ló ń gbẹ gbogbo rẹ̀ papọ̀.

Kò sẹ́ni tó ń pa fáànù yẹn, jẹ́ kí n sọ fún ọ. Ọkọ mi gan-an kì í pa á. Mo dìde, mo gba iwájú wọn kọjá, mo pa á.

À ń gbọ́ bí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ṣe ń yí lọ tó ń rọlẹ̀. Wọ́n ní, "Ta ló ní kó o pa fáànù mi?"

Mo ní, "Èmi ni, sà."

Nọ́ọ̀sì ló ní, "Ẹ jẹ́ ká làágùn díẹ̀, mo ti rí èyí tó làágùn jù yín lọ, ọmọ ló sì gbé délé."

Mo kùn ún lẹ́ẹ̀kẹta. Páńẹ́ẹ̀lì tutù, ó ń dán. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdérí irin kan, ojú kan báyìí gbẹ lọ́gán, kékeré bí ojú abẹ́rẹ́, gbogbo àyíká rẹ̀ ṣì tutù. Mo tún kùn ún. Ibẹ̀ náà ni. Mo pe Bátìrì-Ni kí wọ́n wá wò ó, wọn ò dìde, ṣùgbọ́n mo rí i pé wọ́n na ọrùn. Mo gbé irin tí wọ́n fi ń yọ́ òjé, mo fi ẹ̀mú di nǹkan bín-íntín tó wà lójú ibẹ̀ mú. Ibẹ̀ ni irin ti jó mi ní àtàǹpàkò. Mi ò ju nǹkan sílẹ̀. Mo yọ ọ́; ọkọ mi ti sọ fún mi rí pé irú rẹ̀ pọ̀ lára páńẹ́ẹ̀lì, fóònù lè ṣiṣẹ́ láìsí ọ̀kan. Ọwọ́ àpótí iná sọ̀kalẹ̀, ó sùn gbalaja.

Mo wá bátìrì tó bá fóònù náà wá nínú páálí. Ọkọ mi ti kọ "agbẹ̀bí" sí i lára. Mo wọ̀n ọ́n, nǹkan kan ò ṣe é. Mo dá a padà síbi tí wọ́n ti yọ ọ́. Nígbà tí ọkọ mi dé, ó ní àwọn ọ̀gá kan máa ń fi sípíríìtì wá ibi tó ń gbóná bẹ́ẹ̀, òun ti gbọ́ ọ rí, òun ò dán an wò rí. Ó ní ta ló kọ́ mi. Mo ní áyọ́ọ̀nù ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, nọ́ọ̀sì yọjú. Láti òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n ti fi iná sí fóònù, kò tíì kú, kò sì gbóná. Bátìrì-Ni ní oríire ni.

Lánàá ni wọ́n wá kó wa jọ sí pálọ̀ ìyá ọkọ mi. Bátìrì-Ni rojọ́, wọn ò mẹ́nu kan fóònù. Fáànù ni wọ́n rò. Màmá ní, "Ìyàwó, ṣé òótọ́ ni pé o pa fáànù lórí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ?" Mo ní òótọ́ ni, mà. Wọ́n ní kí n bẹ Bátìrì-Ni. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n tọkàntọkàn nítorí ooru tó mú wọn. Màmá ní ó ti parí, kí n kàn máa jókòó sílé láti ọ̀la, kí àlàáfíà lè wà.

Mo ní, "Rárá, mà."

Lórí ìkúnlẹ̀ ni mo ti sọ ọ́, ilẹ̀ ni mo sì ń wò, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́. Mo ní, "Wọ́n ní mo ba fóònù jẹ́, mi ò bà á jẹ́. Tí mo bá jókòó sílé, á dà bíi pé mo bà á jẹ́." Ọkọ mi tó ti ń wo rọ́ọ̀gì látàárọ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ìdajì tábìlì yẹn, tèmi ni. Ibẹ̀ ló ń jókòó sí." Màmá wo àwa méjèèjì títí. Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n kàn ní kí n lọ bu omi wá fún àwọn.

Nítorí náà ni mo ṣe wá lónìí. Mo gbálẹ̀, mo kí Bátìrì-Ni. Wọ́n ti gbé ìgò sípíríìtì lọ sórí pẹpẹ òkè. Mo gun àga, mo gbé e sọ̀kalẹ̀. Mo ti tún fóònù méjì ṣe láti òwúrọ̀, wáyà lásán ló bàjẹ́ fún ìkíní. Má rò pé mo ti di aláfojúdi o. Ìkúnlẹ̀ mi ò dín, ìkíni mi ò dín. Ọwọ́ mi nìkan ni mi ò ní ká sẹ́yìn. Tí wọ́n bá tún kó wa jọ ní ọjọ́ Àìkú, màá tún sọ ohun tí mo sọ. Tó bá gba kí n máa sọ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí ọdún tí o sọ yẹn á fi pé, ó dára.

Bá mi kí Ìyá, bá mi kí Bàbá, kí o sì sọ fún awakọ̀ wa pé mò ń bọ̀ wá wọ ọkọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́dún yìí. Tọ́jú ara rẹ, má máa gbé ohun tó wúwo. Èmi ṣì ni ọ̀rẹ́ rẹ tó ń tijú, tí ìfẹ́ rẹ ò

Dúró ná, wọ́n ń pe ìyàwó. Ọkọ mi kọ́ ni, ó ti jáde. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Mo rò pé omi ni wọ́n fẹ́, àmọ́ wọ́n ti tú fóònù kan sílẹ̀ níwájú wọn, ẹni tó ni ín dúró tì wọ́n. Wọn ò wojú mi, wọ́n kàn ti irinṣẹ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí tábìlì, wọ́n ní kí n gbé àga mi àti ìgò sípíríìtì wá síbí, kí n wá