Wọ́n Gbá Ilẹ̀ Igbó fún Àlejò

Sátidé, 2 Oṣù Bélú 2024
Èrò pọ̀ díẹ̀ nínú igbó ìpamọ́ wa lẹ́yìn Kubwa. Èmi àti Lọ́lá inú ẹgbẹ́ wa la wà lẹ́nu géètì — a yọ̀ǹda ara wa láti máa kí àlejò káàbọ̀, ká sì mú wọn rìn. Àparò kan ń sàba lábẹ́ igi àyìn, láàárín ewé gbígbẹ. Òkèèrè la ti ń wò ó. Bàbá kan ṣí fìlà fún un.

Túsìdeé, 5
Bàtà-Dídán pèpàdé. (Alága wa, Ọ̀gbẹ́ni Oyèbísí. Mi ò rí i rí kó wọnú igbó.) Àlejò ńlá kan ń bọ̀ láti Maitama. Ó ní ilẹ̀ wa dọ̀tí — ewé ló ń pè ní ìdọ̀tí. Mo sọ̀rọ̀ àparò fún un. Ó bi mí pé, “Mummy Mofìyìn, ṣé inú pàǹtí lẹ ti ń gba àlejò nílé yín?” Mo ní ilé mi kọ́ nìyí, ilé àparò ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mi ò ṣàwàdà.
Nígbẹ̀yìn ó gbà pé wọn ò ní fọwọ́ kan ìdí àyìn. Ojú gbogbo wa ló ti sọ ọ́.

Wẹ́sìdeé, 6
Mo ta okùn pupa yí ìdí àyìn ká.

Sátidé, 9
Ó ṣì ń sàba. Lọ́lá ní, “Mummy, ó ń wò wá o.”

Fúráìdeé, 15
Wọ́n ti gbá a.
Ilẹ̀ pupa lásán. Ipa ìgbálẹ̀ káàkiri. Àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ni Bàtà-Dídán kó wá. Wọ́n tú okùn mi, wọ́n ká a dáadáa, wọ́n fi kọ́ géètì. Abẹ́ àyìn gan-an ni wọ́n kó ewé jọ sí, tí wọ́n finá sí i. Ẹyin ti jóná. Ìyá wọn ti sá lọ.
Ọmọbìnrin kan nínú wọn kúnlẹ̀ kí mi: “Ó ti mọ́ báyìí, mà.” Mi ò bá a wí. A kọ́ ọ láti kékeré pé a máa ń gbálẹ̀ kí àlejò tó dé. Ẹni tó rán an ni mo bá wí. Mo pè é lórí fóònù. “Nítorí ẹyin? Ẹ jẹ́ n ra kéréètì kan fún yín.”

Sátidé, 16
Àlejò dé. Ó ní ibi gbogbo mọ́ tónítóní. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún àwa tí a ń kí àlejò. Ó béèrè pé ẹyẹ wo lòun máa rí. Bàtà-Dídán gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi: “Wọ́n ti lọ sùn.” Ní òwúrọ̀.

Sọ́ńdè, 17
Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Inú ṣì ń bí mi.

Tọ́sìdeé, 21
Bàtà-Dídán kọ ọ́ sórí Wasáàpù: gbogbo Fúráìdeé la ó máa gbá igbó. Ká máa rẹ́rìn-ín sí àlejò, ká yé rojọ́ ẹyẹ. Lọ́lá nìkan ni kò kọ “ẹ ṣeun, sà” sí i.

Sátidé, 23
Ẹbí kan láti Dei-Dei ló kọ́kọ́ dé. Mo rẹ́rìn-ín sí wọn bó ṣe pàṣẹ, mo sì mú wọn tààrà lọ sídìí àyìn. Mo ní, “Àparò kan sàba síbí. Alága wa ní kí wọ́n gbá a, wọ́n sì dáná sun ẹyin rẹ̀, kí àlejò lè rí ibi tó mọ́.” Ìyá wọn béèrè bóyá èmi náà wà nínú ẹgbẹ́ yìí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́lá mú àwọn mìíràn dé. Òun náà sọ ọ́, kò fi iyọ̀ sí i.
Nírọ̀lẹ́, Bàtà-Dídán pè mí. Kí n dá ẹ̀wù ẹgbẹ́ padà. Mo ní kó wá bọ́ ọ lọ́rùn mi ní Sátidé, lójú àlejò.