Orí Tí Àbúrò Rẹ Kò Fá Tán

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ẹ̀gbẹ́ rẹ ibi tí wọ́n ti là ọ́ ńkọ́, ṣé kò dùn ọ́ mọ́? Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá ọ lórí ìdúró. Èmi náà ń mí, ọpẹ́ ni.

Jọ̀ọ́, jókòó kí o tó kà á síwájú. Kíndìnrín rẹ tí o yọ fún àbúrò rẹ ti kú sí i lára. Wọ́n ti dá a padà sídìí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Ó bẹ̀ mí pé, "Màmá, ẹ má sọ fún ẹ̀gbọ́n mi o." Mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ẹni tó ni nǹkan la ó wá fi ọ̀rọ̀ nǹkan pamọ́ fún?

O rántí pé dókítà sọ pé ara a máa bá kíndìnrín àlejò jà, pé oògùn ló ń pẹ̀tù sí ara nínú kó lè gbà á. Oògùn yẹn náà ló sọ ìfun àbúrò rẹ di eléré ìje. Oúnjẹ kì í tíì jókòó níkùn rẹ̀ tí á ti máa wá ọ̀nà àbájáde. Onígbàjámọ̀ sì ni! Àwọn àgbà ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Tirẹ̀ yàtọ̀, olórí wà lórí àga, afárí ló sá lọ. Àwọn oníbàárà wá ń pè é ní Mò-ń-Bọ̀, nítorí ohun tó máa ń wí nìyẹn tó bá ń sáré lọ sílé ìyàgbẹ́. Òun náà a bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú ń tì í.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fo oògùn lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ikùn rẹ̀ rọ̀, èmi gan-an ń dúpẹ́ kiri pé ọmọ mi ti gbádùn. Ikùn ló máa ń pariwo, kíndìnrín ò pariwo rárá. Lọ́jọ́ tó ṣubú lulẹ̀, olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń fá lórí lọ́wọ́, apá kan dán, apá kejì ṣì kún fún ewú.

Ọ̀rọ̀ dókítà ló dùn mí jù: "Ká ní ó sọ fún wa ni, à bá dín oògùn náà kù tàbí ká pààrọ̀ rẹ̀." Áà! Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ lásán ló di ọmọ mi lẹ́nu.

Mi ò ní kí o má bínú. Ara rẹ ni wọ́n là. Sunkún tó bá ṣe wù ọ́, àmọ́ tí o bá ti nujú tán, pè é lórí fóònù. Ẹ̀rù rẹ ń bà á ju ti ikú lọ.

Kíndìnrín kan tó kù lára rẹ yóò bá ọ dalẹ́. Oore rẹ kò ní ṣègbé. Ojú mi kò ní sunkún ẹnì kankan nínú yín.

Èmi ni ìyá yín, tí kò mọ ẹkún ta ni kí òun kọ́kọ́ sun.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: olùkọ́ àgbà yẹn wá sílé lánàá. Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi fìlà bo orí, ó ní ẹlòmíì kò ní bá òun fá a tán. Àbúrò rẹ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ó mú abẹ. Wọ́n ti ní kó má lo oògùn yẹn mọ́, kò sí kíndìnrín tí yóò dáàbò bò mọ́. Ó fá orí náà títí ó fi dán, kò sì sọ "mò ń bọ̀" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo sá wọ yàrá lọ, mo sunkún.