Orúnkún Mẹ́rin àti Ọ̀jọ̀jọ̀ Màmá Matilda

                                                  Ọ̀dọ̀ Màmá Susannah,
                                                  Ojúlé Kẹrìnlá, Pòrógun,
                                                  Ìjẹ̀bú-Òde.
                                                  20 Oṣù Kẹta, 1985.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Bọ́lánlé,

Ẹ kọ́kọ́ forí jì mí ná. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọdún kìíní ní ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni máa kọ̀wé nípa àìsàn sí nọ́ọ̀sì, pàápàá nígbà tó jẹ́ pé ìyá nọ́ọ̀sì náà gan-an ni ọ̀rọ̀ kàn. Mo ti kọ ìwé yìí tẹ́lẹ̀, mo fà á ya. Bí èyí bá dé ọwọ́ yín, a jẹ́ pé ojú mi ti le díẹ̀.

Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà ní Iléṣà? Bọ̀ọ̀dá Richard ńkọ́? Ṣé ikọ́ àwọn ọmọ ti lọ? Ẹ kú iṣẹ́ òru, ẹ kú ìtọ́jú aláìsàn. Ara Màmá le, a dúpẹ́. Orúnkún wọn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìntì ni orúnkún wọn ti ń wú, tí oríkèé ìka wọn sì máa ń gbóná láàárọ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí ìjọ bá kúnlẹ̀, Màmá á jókòó bí ẹni pé àdúrà náà kò kàn wọ́n. Màmá Matilda ọ̀rẹ́ wọn á bá wọn jókòó, gbogbo wa sì máa ń yìn wọ́n pé ọ̀rẹ́ tòótọ́ ni wọ́n.

Ní oṣù kìíní, Ọ̀gbẹ́ni Bọ́dúnrìn, tó ń kọ́ wa nípa oúnjẹ, sọ fún wa pé ara ní àwọn ọmọ ogun tirẹ̀. Bí a bá fẹsẹ̀ kọ, wọ́n á sáré débẹ̀. Ìjà wọn ló ń mú ojú ibẹ̀ gbóná, tó sì ń mú un wú. Ó yẹ kí wọ́n padà sílé bí ìjà bá tán. Ṣùgbọ́n ó ní àwọn oúnjẹ kan dà bí ẹni tó ń pariwo olè lójoojúmọ́ nígbà tí olè kò sí: ṣúgà àpọ̀jù, mínírà, òróró tí a ti fi dín nǹkan ní àdíntúndín. Ẹja, ẹ̀fọ́, èso àti atalẹ̀ ló ń sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ sùn. Ó fi kún un pé àwọn onímọ̀ ṣì ń yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Màmá, títí kan ti àwọn onímọ̀. Màmá ní kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ, àwọn ti bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ní àwọn kì í tilẹ̀ jẹ ṣúgà. Mo rán wọn létí ṣúgà oníhóró tí wọ́n ń kó sínú gàrí lọ́sọ̀ọ̀sán. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní gàrí kì í ṣe oúnjẹ, pé ọmọ Ìjẹ̀bú wo ló ń ka gàrí mọ́ oúnjẹ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì wọ́n mu ún láìsí ṣúgà, ojú wọn dà bí ti ẹni tó ń gbọ́ ìwàásù gígùn. Nígbà tó fi di oṣù kejì, wọ́n kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. N kò lè sọ bóyá oúnjẹ ni, tàbí ọyẹ́ tó ti lọ. Ẹ̀yin lẹ mọ̀.

Nígbà tí Màmá rí i pé orúnkún gbọ́ràn, wọ́n dójú lé ọ̀jọ̀jọ̀ Màmá Matilda. Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà ọmọge ni àwọn méjèèjì ti máa ń yà sílé Màmá Matilda lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n á jẹ ọ̀jọ̀jọ̀, wọ́n á mu mínírà, wọ́n á sọ̀rọ̀ àwọn tí kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Òróró kì í sì í tán nínú agbada Màmá Matilda. Wọ́n kàn máa ń bu tuntun lé e ni. Lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́, Màmá ní àwọn ti yó. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní inú ń run àwọn. Mo dá a lábàá pé kí wọ́n sọ pé ààwẹ̀ Lẹ́ńtì ni. Wọ́n ní àwọn lè purọ́ mọ́ inú, àwọn kì í purọ́ mọ́ Ọlọ́run. Nígbà tó yá, wọ́n gbé oúnjẹ tiwọn lọ nínú kúlà.

Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni mo di kúlà náà. Mo ro ti ẹja, mo ro ti ẹ̀fọ́, n kò ro ti Màmá Matilda.

Ẹ ṣáà mọ ohun tí àwọn èèyàn ń rò bí a bá gbé oúnjẹ wọ ilé ẹni tó se oúnjẹ dè wá. Màmá Matilda wo kúlà, wọ́n da àwo dé ọ̀jọ̀jọ̀ wọn, wọ́n béèrè bóyá òjò máa rọ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́n lọ jókòó sí ọ̀dọ̀ àwọn akọrin. Wọ́n wá ránṣẹ́: "Ẹ bá mi sọ fún Susannah pé láti ìgbà tó ti ń jẹun nílé mi, kò tíì kú."

Màmá ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ wálé tààrà, wọ́n jókòó ti kúlà, wọn kò ṣí i.

Ní Sátidé, mo lọ bẹ Màmá Matilda. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé àwọn ọmọ ogun àti olè tí kò sí. Wọ́n gbé ọ̀jọ̀jọ̀ síwájú mi, wọ́n ní kí n máa ṣàlàyé lọ bí mo ṣe ń jẹ ẹ́. Mo jẹ ẹ́. Ó dùn. Nígbà tí mo jẹ ẹ́ tán, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n ká ìró sókè. Orúnkún wọn wú ju ti Màmá lọ.

"Ó rí ohun tó ń mú orúnkún fà," ni wọ́n wí, "ó dì í sínú kúlà. Ṣé òun nìkan ló ní orúnkún ni?"

Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé kì í ṣe nítorí Màmá nìkan ni wọ́n ṣe ń jókòó bí ìjọ bá kúnlẹ̀. Nígbà tí Màmá kúnlẹ̀, ó wá ku Màmá Matilda nìkan lórí ìjókòó. Wọ́n ní kí n sọ ohun tí àwọn yóò máa sè, wọ́n sì mú mi búra pé Màmá kò ní gbọ́ nípa orúnkún náà.

Mo délé, Màmá pè mí. Wọ́n ní lọ́la àwọn yóò jẹ ọ̀jọ̀jọ̀, àwọn kò sì ní gbé kúlà. "Orúnkún lè wú, ó sì lè fà. Matilda kan ṣoṣo ni mo ní." Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ sọ fún Màmá Matilda pé nítorí rẹ̀ ni, kí n sọ pé ó kàn wu àwọn jẹ ni. Mo tún búra.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo tẹ̀ lé wọn lọ. Màmá Matilda gbé ewùrà sísè jáde, pẹ̀lú ẹja, ẹ̀fọ́ àti omi atalẹ̀. Màmá wo inú àwo, wọ́n wo ọ̀nà ibi ìdáná, wọ́n tún wo inú àwo. Kò sẹ́ni tó béèrè nǹkan kan. Wọ́n jẹun, wọ́n sì sọ̀rọ̀ àwọn tí kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì títí oòrùn fi rọlẹ̀. Bí a ṣe ń bọ̀ wálé, Màmá ní Matilda mà fẹ́ràn àwọn o, ṣùgbọ́n ó yẹ kó ti mọ̀ pé ọ̀jọ̀jọ̀ ló wu àwọn.

Mo ń bẹ̀ yín, bí ẹ bá wálé ní Àjíǹde, ẹ bá mi wo orúnkún Màmá Matilda bí ẹni tí kò wò ó. Ẹ̀rù ń bà mí pé ẹja nìkan lè má tó o, ó sì lè jẹ́ dókítà ló yẹ kí wọ́n rí. Ẹ bá mi kí Bọ̀ọ̀dá Richard, ẹ bá mi gbé àwọn ọmọ jó.

Jọ̀wọ́, ẹ má fi ìwé yìí han ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá kà á tán, ẹ sun ún. Orúnkún mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, méjì péré ni mo sì láṣẹ láti mọ̀.

Èmi ni tiyín, àbúrò tí ọkàn rẹ̀ kò tíì balẹ̀,

Yọmí.