Oṣù Mọ́kànlá Nítorí Eré

Gbaji, lẹ́bàá títì Seme,
Badagry.
Ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Zulaikha ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Mo kí Dàmọ́lá ọkọ rẹ, mo kí Khaleel àti Àdùní, mo kí mẹ́gáàdì yín náà, nítorí lọ́jọ́ tí mo wá síbẹ̀ kò bi mí ní ìbéèrè púpọ̀, ó fún mi ní àga. Ọlọ́run Ọba kò ní fi yín du ara yín. Omi ẹ̀rọ yín kò ní gbẹ, iná kò ní lọ nígbà tí ata bá ṣì wà nínú ẹ̀rọ ìlọta, ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ yóò máa fojú rere wò ọ́ kódà lọ́jọ́ tí o bá pẹ́ dé. Àmín. Bí o bá ń béèrè wa, àlàáfíà la wà, àfi orúnkún mi ọ̀tún tó ń ṣe bí ẹni pé kì í ṣe ara mi. Òjò pọ̀, òkun ń pariwo, àgbọn so dáadáa lọ́dún yìí. Bí mo ti dárúkọ àgbọn báyìí, mo mọ̀ pé o ti fajú ro. Igi àgbọn tí bàbá rẹ gbìn lọ́jọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ, kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá rẹ sí afẹ́fẹ́ rere, tí Abdulbasit ẹ̀gbọ́n rẹ gé nígbà tí wọ́n ń fẹ títì, tí ìwọ náà sì búra pé ẹsẹ̀ rẹ kò ní tẹ Gbaji mọ́ níwọ̀n ìgbà tí ó bá ṣì ń ṣe búlọ́ọ̀kù níbẹ̀, Iléyá méjì ló ti kọjá lórí ẹ̀. Mo ti pinnu pé mi ò ní sọ ọ̀rọ̀ yẹn nínú lẹ́tà yìí, mo sì ti sọ ọ́ báyìí, jẹ́ ká fi sílẹ̀ ná.

Ìdí tí mo fi kọ̀wé ni pé fóònù kò gba ọ̀rọ̀ tó pọ̀. Ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí wọ́sáàpù, mo ń dá ọ lóhùn ní gbogbo ibi tí o ti mí, ṣùgbọ́n o kò dúró gbọ́ mi, ńṣe lò ń bá tìrẹ lọ. Bí mo ṣe tọ́ ọ kọ́ nìyẹn, àmọ́ mi ò bínú. Mo gbọ́ ohun tí o sọ. O ní ìwọ, ọkọ rẹ, àwọn ọmọ àti èmi ń lọ sí ọgbà ìṣeré ńlá kan ní ìlú òyìnbó, ní Oṣù Kẹjọ ọdún tó ń bọ̀. O ní ẹ ti sanwó, pé owó náà kò ṣe é gbà padà. O ní oṣù mọ́kànlá ló kù, pé ẹ tilẹ̀ ti fẹ́ pẹ́ jù. O ní kí n ya fọ́tò páálí ìrìnnà, kí n kọ fọ́ọ̀mù, kí dókítà yẹ orúnkún mi wò, pé wọ́n á so nǹkan mọ́ wa lọ́rùn ọwọ́ kí ẹnikẹ́ni má sọnù, pé èrò máa pọ̀, ìrìn máa pọ̀, oòrùn máa mú, kí olúkúlùkù mú omi dání.

Zulaikha, èmi náà kì í ṣe ọ̀dẹ̀. Ta ló ń fi oṣù mọ́kànlá múra eré? Nígbà tí ẹ wà ní kékeré, ẹ̀yin fúnra yín kì í mọ eré tí ẹ fẹ́ ṣe títí ẹ ó fi bá ara yín nínú ẹ̀. Mo jókòó, mo rò ó. Owó tí kò ṣe é gbà padà, fọ́ọ̀mù, dókítà, nǹkan lọ́rùn ọwọ́, èrò rẹpẹtẹ, ìrìn nínú oòrùn. Mo bá rẹ́rìn-ín. Mo ní ọmọ mi ń lọ sí Mẹ́kà, kò fẹ́ kí aráyé gbọ́. Oṣù náà kò bá ti Hájì mu, ṣùgbọ́n mo ní Úmúrà ni. Mo tilẹ̀ yìn ọ́ pé o gbọ́n, o pe é ní ọgbà ìṣeré nítorí ojú ayé. Èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ẹni tí mo bá pàdé, bí mo bá sì ti pè é tán, mo máa ń ṣẹ́jú, kí wọ́n lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà nínú ẹ̀.

Oṣù mọ́kànlá yẹn ṣì ń yọ mí lẹ́nu. Mo bi Deborah tó ń yan ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ní oyún gan-an kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, pé obìnrin á lóyún, á bí i, á sọ ọ́ lórúkọ, ẹ ò tíì ní kúrò nílé. Mo bi Dosi tó ń wa ọkọ̀ láti Seme sí Mile Two, òun náà lò ń gba lẹ́tà yìí lọ́wọ́ ẹ̀, ó ní òun kì í ṣètò ju ibi tí wọ́n ti máa dá òun dúró lójú ọ̀nà lọ. Dàmọ́lá ló ṣàlàyé fún mi yékéyéké pé ẹni tó bá dúró di oṣù mẹ́ta sí i, yàrá tó máa rí gbà, á jìnnà débi pé ọkọ̀ ló máa máa wọ̀ dé ẹnu géètì, owó tíkẹ́ẹ̀tì á sì ti fò lọ sókè. Mo gbà fún un. Èmi náà ra àgbò Iléyá ní oṣù mẹ́ta sílẹ̀ kó má bàa wọ́n. Ìgbà tí Iléyá fi máa dé, ó ti mọ ohùn mi, ó ń sìn mí dé ẹnu ilé ìwẹ̀, kò sí ẹni tí mo lè jẹ́ kó fọwọ́ kàn án. Ó ń bẹ lẹ́yìnkùlé, ó ń jẹ ẹ̀wà mi. Kí ẹ kíyè sí èyí náà bí ẹ bá ń ra nǹkan sílẹ̀.

Mo gbé fóònù lọ sí ilé kọ̀ǹpútà ní Badagry kí wọ́n tẹ tíkẹ́ẹ̀tì náà jáde. Ó jáde, mo rí i pé ẹ̀rọ wọn ti da yíǹkì sí igun kan, gbogbo rẹ̀ rí wúrúwúrú, dúdú, funfun, bí ẹní tí eku jẹ. Mo ní kí wọ́n tún un tẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n tẹ̀ ẹ́, ìdọ̀tí náà kò kúrò. Ọkùnrin náà wá ní ibẹ̀ gan-an ni tíkẹ́ẹ̀tì, pé ẹ̀rọ ló máa kà á, kì í ṣe èèyàn. Mo forí jì í. Ohun tó bà mí nínú jẹ́ ni pé wọ́n kọ ọjọ́ síbẹ̀, wọ́n kọ aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀, ọdún tí a kò tíì rí, kò sì sí ẹni tó kọ inṣá Allāhu sí i. Mo gbé e lọ bá Àáfà ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n fi bírò kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀, wọ́n sì ṣàdúà lé e lórí. Bí wọ́n bá bi yín léèrè lẹ́nu géètì, ẹ ní èmi ni mo ní kí wọ́n ṣe é.

Fọ́ọ̀mù náà, mo fara balẹ̀ kọ ọ́. Wọ́n ní ta ni kí àwọn pè bí nǹkan bá ṣe mí. Mo kọ orúkọ rẹ, mo wá rò ó pé ọ̀dọ̀ mi níbẹ̀ ni ìwọ náà máa wà, ta ló máa wá pe ta. Mo bá kọ Deborah, mo kọ Àáfà, mo sì ṣàlàyé pé bí nọ́ńbà Àáfà kò bá lọ, kí wọ́n pe Dosi, bí Dosi bá ń wakọ̀ kò ní gbé e, kí wọ́n ní sùúrù. Wọ́n tún béèrè àìsàn tó ti ṣe mí rí. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ kò ju ìka méjì lọ, mo lẹ bébà mẹ́ta mọ́ ọn, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti orí eyín tó ro mí nígbà oyún rẹ.

O ní Khaleel gbọ́dọ̀ ga dé ibì kan kí wọ́n tó gbà á sórí àwọn nǹkan kan níbẹ̀, pé ó ku ìka mẹ́rin. Ìyẹn nìkan ni mo rí tó yẹ fún oṣù mọ́kànlá nínú gbogbo ètò yín. Mo fi edé gbígbẹ, ẹ̀wà àti àgbọn mẹ́fà rán Dosi. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí Khaleel bó bá sùn sílẹ̀. Bí ẹnìkan bá ti ṣe é, kí ẹni náà padà, kó tún gbé ẹsẹ̀ kọjá láti apá kejì. Má fi ṣe ẹ̀rín, wọ́n fi eré gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí àbúrò bàbá rẹ kan, ìwọ náà mọ bó ṣe ga mọ.

Èyí tó kù ló ṣe pàtàkì. Ẹni tó bá ń lọ sí ilẹ̀ mímọ́, o mọ̀ pé ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ kiri, kó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá ti ṣẹ̀. Ìwọ ò ráyè. Mo ní kí n bá ọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é díẹ̀díẹ̀, torí àwọn tí o ṣẹ̀ pọ̀. Ọ̀dọ̀ Deborah ni mo kọ́kọ́ lọ, òun ló sún mọ́ orúnkún mi jù. Mo ní kó forí jì ọ́ nítorí odindi agbọ̀n ẹja tí o kó fún ológbò nígbà tí o wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Kò mọ̀ pé ìwọ ni. Ọkọ rẹ̀ ló rò pé ó jẹ ẹ́, ó sì ń bá a jà lórí ẹ̀ títí ọkùnrin náà fi kú. Ó sọ èdè Ègùn sí mi fún ìwọ̀n wákàtí kan, èyí tí mo gbọ́ níbẹ̀ kò ṣe é kọ sí lẹ́tà. Nígbà tó yá, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní òun máa lọ bẹ ọkọ òun lójú oórì, pé òun forí jì ọ́, ṣùgbọ́n kí o ra aṣọ bọ̀ fún òun.

Àáfà tó kọ́ yín ní kéú ṣì rántí àwòrán orí wọn tí o yà sẹ́yìn wàláà. Wọ́n ní ó jọ àwọn, pé ohun tó dun àwọn gan-an nìyẹn. Wọ́n forí jì ọ́. Mo gun ọ̀kadà dé Kankon lọ bá ìyá Ẹnìtàn, tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ fẹ́ ọ, tí o sì ti ara rẹ mọ́ ilé ìwẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n wá. Ó ní kò sí ohun tí òun fẹ́ forí jì, pé ìyàwó tí Ẹnìtàn padà fẹ́ kò lẹ́gbẹ́, àwọn ló yẹ kó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ìyẹn dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n mo ní àmín.

Lọ́jọ́ Àtàlátà, mo kan ilẹ̀kùn Babátúnjí, tíṣà ará Èkìtì tó háyà yàrá lọ́dọ̀ wa, nítorí ọjọ́ tí o sọ fún un pé iyán tó gún le bíi búlọ́ọ̀kù. Ó bi mí pé ibo gan-an lò ń lọ. Mo ní ọgbà ìṣeré, mo ṣẹ́jú. Ó ní kí ló kó sí mi lójú. Ó gba tíkẹ́ẹ̀tì, ó kà á, ó ní ọgbà ìṣeré ni lóòótọ́, ó sì ṣí i fún mi lórí fóònù. Mo rí àwọn àgbàlagbà tí wọ́n dè mọ́ àga, àga ń sáré, ó ń dorí wọn kodò, gbogbo wọn ń ké. Mo bi í pé kí ni wọ́n ṣe. Ó ní wọ́n sanwó ni.

Mo gba tíkẹ́ẹ̀tì mi padà. Ilé kan ṣoṣo ló kù tí mi ò tíì dé, ilé Abdulbasit. Mo ti fi í sí ìkẹyìn nítorí òun ni mò ń bẹ̀rù, torí láti ọdún méjì, bí mo bá ti dárúkọ rẹ lójú rẹ̀, ńṣe ló máa ń dìde kúrò níbẹ̀. Babátúnjí ní kí n lọ sinmi, pé ẹni tó ń lọ ṣeré kò nílò kí wọ́n forí jì í. Mo ní mo gbọ́. Mo mú ọ̀pá mi, mo sì sọdá títì lọ bá Abdulbasit, nítorí ibo ni mo ti tún fẹ́ rí ohun tí mo máa fi gbé orúkọ rẹ wọ ilé yẹn.

Ó ń bu omi sára búlọ́ọ̀kù. Mo ní àbúrò rẹ ń lọ sí ìrìn àjò, ó ní kí o forí ji òun. Ó bi mí bóyá ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀. Mo parọ́, ọmọ mi, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbé garawa sílẹ̀. Ó ní òun ló jẹ̀bi. Ó ní wọ́n ti fi ọ̀dà pupa sàmì sára igi náà, pé tó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn katakata máa wó o, òun kò sì fẹ́ kí katakata wó igi bàbá òun, òun bá fọwọ́ ara òun gé e. Ó ní ó yẹ kí òun pè ọ́ kí òun tó gé e, òun ò pè ọ́. Láti ìgbà náà, òun ti tẹ nọ́ńbà rẹ àìmọye ìgbà, bó bá ti fẹ́ dún, òun á pa á. Abdulbasit sunkún, Zulaikha. Pẹ̀lú irùngbọ̀n, ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù tútù, ó fi ba ìdí ṣòkòtò jẹ́. Ó wá bi mí pé ìgbà wo lò ń bọ̀. Mo ní Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Irọ́ méjì nìyẹn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lẹ́nu àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán. Mo mọ̀ pé ẹ kì í ṣe nǹkan láìṣètò, ọjọ́ mẹ́jọ péré sì ni mo fún ọ. Kò sí tíkẹ́ẹ̀tì níbí, wọn ò ní wọn Khaleel lẹ́nu ọ̀nà. O fẹ́ gbé mi kọjá òkun kí o lè rí mi, mo dúpẹ́, mo sì máa bá yín lọ bí wọn ò bá ti ní dè mí mọ́ àga. Ṣùgbọ́n àárò rẹ ń sọ mí nínú ilé yìí, kì í ṣe ní ìlú òyìnbó.

Nípa ti owó, ó yẹ kí n tọrọ ti ọ̀kadà Kankon àti ti dókítà orúnkún. Fi wọ́n sílẹ̀. Èyí tí o máa ń fi ránṣẹ́ sí mi níparí oṣù, má fi ránṣẹ́ lóṣù yìí, òun ni owó ọkọ̀ yín. Ọlọ́run yóò ṣọ́ yín lójú ọ̀nà, yóò jẹ́ kí ọkàn rẹ rọ̀, kò sì ní jẹ́ kí n dójú ti ara mi lọ́dọ̀ Abdulbasit lọ́jọ́ Jímọ̀, nítorí ó ti fá irùngbọ̀n rẹ̀ láti àná.

Èmi ni,
Ìyá ẹ̀yin méjèèjì.