Ẹ̀wù Yín Wà Lórí Okùn

Bàbá ọmọ mi,

A ti ti ọ̀dọ̀ dókítà dé. Ẹ ṣì ń sùn. Dókítà gbọ́ òórùn sìgá lára ọmọ. Mo ní ojú fèrèsé lẹ ti máa ń mu sìgá yín. Ọmọ yín fèsì bí ẹni ń lálàá: "Bàbá mi máa ń fẹ́ ìkùukùu sójú ọ̀run. Ẹ̀wù wọn ni mo fi ń bora sùn."

Dókítà fetí sí àyà rẹ̀ tó ń dún bí fèrè, ó ní: "Bàbá yìí náà ti di aláìsàn mi." Oògùn tí ẹ ó fi jáwọ́ nínú sìgá wà lórí tábìlì, èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ apá kí ẹ tó jáde.

Mo fọ ẹ̀wù yín tó fi ń bora, ó wà lórí okùn. Ọmọ sunkún pé òórùn bàbá òun ti lọ. Òórùn sìgá ló mọ̀. Ẹ jẹ́ kó mọ tiyín.