Àdàbà Ojú Fèrèsé Màmá Àgbà

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ. Orúnkún Bàbá ti ń sàn, wọ́n sì ti tún ẹ̀rọ ìránṣọ Màmá ṣe. Ọ̀fìnkìn nìkan ló ń bá èmi jà.

Ẹ̀gbọ́n, ojú ń tì mí. Mo máa ń gbé orí ẹja fún àwọn ológbò tí kò nílé, lábẹ́ fèrèsé Màmá Àgbà. Màá ké bí ìyá ológbò, gbogbo wọn á sáré dé, ẹ̀rín á pa mí. Tísà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ológbò tó yó náà ń pa ẹyẹ o!" Ṣe ni mo fi ohùn wọn sín wọn jẹ.

Ẹ rántí àdàbà méjì orí igi òroǹbó ibẹ̀? Láti ìgbà tí ojú Màmá Àgbà ti fọ́, igbe wọn ni Màmá Àgbà fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Ìyẹ́ wọn ni mo bá nílẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ẹja tí àwọn ológbò ò tilẹ̀ jẹ tán.

Mo gbé àwo ẹja kúrò. Èmi ni mo wá ń ké bí àdàbà láràárọ̀. Lánàá, Màmá Àgbà pè mí: "Ọmọ mi, fún àdàbà yẹn lómi gbígbóná mu. Ọ̀fìnkìn ń dà á láàmú."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Màmá Àgbà.

Ohùn ayọ̀ ò ní dákẹ́ nílé yín.

Àbúrò yín,
Ayékòótọ́