Màmá Anelya Dorestan, Tí Wọ́n Tọ́jú Àràbà Tí Wọn Kò Bọ Ọ́ (1941–2023)

Ní Fon Kasav, lórí òkè tó wà lẹ́yìn ìlú Jakmèl ní Haiti, ni a bí màmá wa, Arábìnrin Anelya Dorestan, ní ọdún 1941. Sentòm Vilsen tó ń la pákó àti Rozalya aya rẹ̀ tó ń sá kọfí ni òbí wọn. Ilé Vilsen kò jìnnà sí ìsun omi abúlé, níbi tí igi àràbà ńlá kan ti ṣíji bo omi.

Màmá kàwé dé kíláàsì kẹta kí bàbá wọn tó kú. Ní 1958, wọ́n gba Jésù, a sì rì wọ́n bọmi ní ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ní 1962, wọ́n fẹ́ Oksilyis Dorestan, bíríkìlà tó mọ ògiri ìjọ yìí kan náà.

Ní 1986, ìjọ gbé àáké. Òótọ́ ni pé àwọn tó ń sin ẹ̀mí máa ń tan àbẹ́là sí ìdí àràbà náà, Màmá sì ti bá wọn wí títí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọ ń kọrin lọ gé igi, Màmá dúró lójú ọ̀nà.

“Arábìnrin Anelya,” ni Díákónì Klerisme wí, “a ò mọ̀ pé ìwọ náà ń gbé àbẹ́là lọ síbẹ̀.”

“Garawa ni mò ń gbé lọ, Díákónì. Omi ibẹ̀ lẹ̀yin náà mu láàárọ̀ yìí.”

“Òrìṣà ni igi yìí.”

“Igi ni. Ọlọ́run ló dá a, bó ṣe dá ẹ̀yin náà. Bí ẹnì kan bá wólẹ̀ fún yín lọ́nà oko, ṣé ẹ̀yin la ó wá bẹ́ lórí?”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àáké kò rẹ́rìn-ín; igi náà wó lọ́jọ́ náà.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni ìjọ fi Màmá sábẹ́ ìbáwí: ìjókòó ẹ̀yìn, kò sì sí Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, títí wọn yóò fi dìde jẹ́wọ́ pé òrìṣà ni àwọn gbèjà. Nígbà tó di 1990, ìsun ti gbẹ. Àwọn díákónì ní ẹ̀ṣẹ̀ abọ̀rìṣà ló fà á. Wọn kò wo ọwọ́ ara wọn.

Màmá kò fi ìjọ sílẹ̀. “Ilé Bàbá mi ni,” ni wọ́n máa ń wí. “Mi ò ní torí ọmọ ọ̀dọ̀ kó jáde.” Wọ́n gbin àràbà mìíràn, kédárì àti máńgòrò sétí ìsun. Nígbà tí Madan Toma, ọ̀kan nínú àwọn tó ń sin ẹ̀mí, so aṣọ pupa mọ́ àràbà kékeré náà, Màmá tú u, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n sì gbé e padà fún un.

“Gba aṣọ rẹ. Omi ni igi yẹn ń fẹ́, kì í ṣe ìkúnlẹ̀.”

“Ẹ̀yin onígbàgbọ́ náà lẹ gé tiwa.”

“Òótọ́ ni. Ìyẹn ni mo ṣe ń gbìn.”

Madan Toma rẹ́rìn-ín, ó sì lọ gbé garawa. Lónìí, omi ti tún ń sun níbẹ̀ lásìkò òjò. Ìjọ náà ń pọn ọ́n.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ oṣù kọ̀ọ̀kan, tí ìjọ ń jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, Màmá máa ń gbààwẹ̀, wọn a wọ aṣọ funfun, wọn a sì máa wo àwo búrẹ́dì bó ṣe ń yí padà kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí a bá délé, wọn a bi ọmọ tó bá jẹ nínú rẹ̀ pé, “Ṣé ó rọ̀?”

Nígbà tí àìsàn dé, àwa ẹbí bẹ ìjọ kí wọ́n gbé Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa wá fún wọn. Àwọn àgbà ìjọ wá, wọ́n ní gbólóhùn ìjẹ́wọ́ kan péré ni kí Màmá sọ, pé òrìṣà ni àwọn gbèjà.

“Mo ń fẹ́ oúnjẹ yẹn ju èémí mi lọ,” ni Màmá dáhùn. “Ṣùgbọ́n bí mo bá fi irọ́ gbà á, kò ní gba ọ̀nà ọ̀fun mi.”

Àwọn àgbà ìjọ gbàdúrà, wọ́n sì gbé àpò wọn, tòun ti búrẹ́dì inú rẹ̀, lọ. Màmá sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì, 2023.

Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀, Jezila, Wozmon àti Efrayim, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ àti àtọmọdọ́mọ. Bàbá Oksilyis ti ṣáájú.

Ẹ sùn re, Màmá. Kí Olúwa, tí ẹ kò fi igi tàbí ènìyàn ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀, fa àga fún yín nítòsí ara rẹ̀, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu oúnjẹ fún yín.